Kí Ló Dé Tí Àwọn Èdè Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kò Kúrò Lójú Agbo?

Ẹni tó bá rìn láti ìbùdókọ̀ Cele wọ Okota ní Èkó, tó sì gba Ago Palace Way lọ, yóò pàdé àwọn oní-POS lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe irú kan náà. Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, tó ní bọ́tìnnì àti ojú kékeré, èdè C ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 1972 ni Dennis Ritchie ṣe C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Àwọn tuntun tó fẹ́ jọ fóònù, Android ló ń gbé wọn rìn, Java tàbí Kotlin ni wọ́n sì fi kọ áàpù inú wọn. Java jáde ní 1995. Ọdún yẹn náà ni PHP jáde, èdè tó wà lẹ́yìn àìmọye ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìtajà. Ọdún yẹn náà sì ni JavaScript, èdè tí Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá péré gbé kalẹ̀.

Láti ìgbà náà wá, èdè tuntun kò yé jáde. Go dé ní 2009, Dart ní 2011, Swift ní 2014, Rust pé ojú ìwọ̀n ní 2015. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wá pẹ̀lú ìlérí, púpọ̀ nínú ìlérí náà ni wọ́n sì mú ṣẹ. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí ìwádìí ọdọọdún Stack Overflow, ojúlé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kóòdù, ń fi hàn láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé: láti 2016 ni Rust ti ń gba ipò kìíní nínú ìfẹ́ àwọn tó ń lò ó, ṣùgbọ́n ní 2024, nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló sọ pé àwọn lò ó. JavaScript tí gbogbo ènìyàn ń bú, ìdá 62 ló ń lò ó.

Ìfẹ́ wà lọ́tọ̀, ìlò wà lọ́tọ̀. Kí ló fà á? Ìdáhùn pọ̀, àwọn tó ní wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ti ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀, kí òǹkàwé lè rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lágbára àti ibi tó ti ń yingin.

Ilé tí a ti kọ́, tí a ti ń gbé

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kóòdù tó ti wà nílẹ̀ ló ń gbé èdè rẹ̀ ró. COBOL ni ẹlẹ́rìí wọn. Ní 1959 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àti ìjọba Amẹ́ríkà jókòó láti ṣe èdè kan fún ìṣirò owó àti àkọsílẹ̀, iṣẹ́ tí Grace Hopper ti ṣe ṣáájú ni wọ́n sì gbé púpọ̀ rẹ̀ lé. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní April 2020, Phil Murphy tó jẹ́ gómìnà New Jersey nígbà náà bọ́ sí gbangba, ó ń wá àwọn tó gbọ́ COBOL. Àrùn Kòrónà ti lé ènìyàn rẹpẹtẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kọ̀ǹpútà tó ń san owó ìrànwọ́ fún wọn sì ti lé ní ogójì ọdún.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2024 fi irú ìyà tó wà nínú ìyípadà hàn wá. Àwọn báǹkì ńlá mélòó kan pààrọ̀ sọ́fítíwíà tó jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ wọn láàárín oṣù díẹ̀ síra. Kì í ṣe torí èdè kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe ṣí, ṣùgbọ́n ohun tó bá àwọn oníbàárà kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ bí irú iṣẹ́ yìí ti rí: owó tó kúrò ní àpò kan tí kò dé àpò kejì, áàpù tí kò ṣí, ìlà gígùn nínú gbọ̀ngàn báǹkì. Ọ̀gá tó bá ti rí èyí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ àtúnkọ nítorí pé èdè kan rẹwà. Joel Spolsky, tó ti kọ sọ́fítíwíà fún ìgbà pípẹ́, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 2000: àwọn ìlà kóòdù tó dà bí ìdọ̀tí nínú ètò àtijọ́, àṣìṣe kan tí ẹnì kan ti jìyà kó tó rí i tún ṣe ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá da kóòdù náà nù ti da ìyà tí wọ́n jẹ sẹ́yìn nù pẹ̀lú, yóò sì tún un jẹ.

Ìdáhùn yìí lágbára gan-an níbi tí owó àti ìjọba bá wà. Àmọ́ ó ní ihò kan. Ọ̀dọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lónìí láìní ìlà kóòdù kan nílẹ̀ kò jogún ilé ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ JavaScript tàbí Python ni yóò mú. Ilé àtijọ́ kò lè ṣàlàyé ẹni tí kò nílé.

Àkísà àgbà

Àwọn kejì ní ìdáhùn fún ọ̀dọ́ yẹn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, wọ́n ní kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ kóòdù, àkísà yẹn ni àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: èyí tó ń ka fáìlì PDF, èyí tó ń bá ẹ̀rọ báǹkì sọ̀rọ̀, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ohun mìíràn tó tún wà nínú rẹ̀ ni ìbéèrè tí ẹlòmíràn ti béèrè tí wọ́n ti dá lóhùn. Nígbà tí iṣẹ́ bá há lóru, tí kò sì sí ọ̀gá nítòsí, ẹni tó ń lo PHP yóò rí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ti kọsẹ̀ níbi tó ti kọsẹ̀. Ẹni tó ń lo èdè tó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Nínú gbogbo ìdáhùn, èyí ni ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Leo Meyerovich àti Ariel Rabkin tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013 tó wo iṣẹ́ àìmọye àti èsì tí àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn fún wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń yan èdè fún iṣẹ́, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́, kóòdù tó ti wà nílẹ̀ àti ìrírí tí òun fúnra rẹ̀ ní ló ń darí rẹ̀. Bí èdè náà ti yá tó, bí ó ti ṣeé gbára lé tó, bí ìtumọ̀ rẹ̀ ti rọrùn tó, ìwọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Ó dun ẹni tó bá fẹ́ràn èdè tó mọ́ létòlétò láti gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rí i nìyẹn.

Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé gbogbo àgbà ló ti jẹ́ ọmọdé rí. Nígbà tí Guido van Rossum gbé Python jáde ní 1991, kò ní àkísà kankan. NumPy, àkójọ kóòdù tó sọ ọ́ di èdè àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò dé títí di nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà. Kí ló gbé e la àwọn ọdún wọ̀nyẹn kọjá? Ẹ̀kọ́ àkísà kò sọ.

Ibi tí owó oṣù wà

Ọ̀nà ọjà iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ kẹta gbà wò ó. Ilé-iṣẹ́ ń wá èdè tí yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà síṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń kọ́ èdè tí ilé-iṣẹ́ ń wá. Òbí tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ kọ́ kóòdù ní Okota, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe èdè wo ló dára jù. Ó fẹ́ mọ èyí tí yóò fún ọmọ náà níṣẹ́, kò sì jẹ̀bi. Nígbà tí Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun láti ilé, ohun tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń lò ni wọ́n ní láti kọ́ wọn. Ibi tí owó dọ́là ti ń wá ló ń yan èdè. Ní orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ kò ti tó, mo rò pé ìdáhùn yìí wúwo ju bí àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ti ń fi í sí lọ. Ẹni tó ní iṣẹ́ mẹ́ta níwájú lè fi èdè tuntun ṣeré. Ẹni tó ń wá ẹyọ kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé wà lára ọ̀rọ̀ yìí. BASIC, tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní Dartmouth ní 1964, ni ìran lórí ìran akẹ́kọ̀ọ́ girama wa fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kóòdù, ó sì pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti pa á tì. Olùkọ́ tó kọ́ ọ ló ń kọ́ ni, ìwé tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kà, ìdánwò sì ń bèèrè ohun tó wà nínú ìwé. Kò sí ibi tí àyípadà ti lè wọlé àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé nìkan kò tó gbé èdè ró. Ẹ rántí Pascal, tí Niklaus Wirth ṣe ní 1970. Ó di èdè ìkọ́ni ní yunifásítì káàkiri ayé, ìyẹn kò sì gbé e ró nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ yíjú sí C àti C++. Yorlang ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Anuoluwapo Karounwi ṣe é kí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ kóòdù, ó sì múni láyọ̀ láti rí i. JavaScript ló fi kọ́ ọ. Kò tíì sí ilé-iṣẹ́ tó ń fi í ṣòwò, nítorí náà kò sí ẹni tó ń torí owó oṣù kọ́ ọ.

Ẹni tó ni ilẹ̀

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀, ẹ̀ka ni. Gbòǹgbò ni ẹni tó ni ilẹ̀ tí èdè náà dúró lé. JavaScript kò jagun kó tó borí. Òun nìkan ni èdè tí gbogbo ohun tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ ní láti sọ ọ́. Apple ló ni iPhone, nígbà tó sì mú Swift jáde ní 2014, kò pẹ́ tí àwọn tó ń kọ áàpù fi tẹ̀lé e. JetBrains kéde Kotlin ní 2011. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ títí Google fi tẹ́wọ́ gbà á fún Android ní 2017, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ́.

Ìtàn Dart ni mo kà sí pàtàkì jù níhìn-ín, nítorí pé apá méjèèjì ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Google gbé e jáde ní 2011 láti fi rọ́pò JavaScript. Google tó ni Chrome! Síbẹ̀ àwọn onílẹ̀ yòókù kò gbà, Google fúnra rẹ̀ sì jáwọ́ nínú ètò náà ní 2015. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka Dart sí òkú. Ìgbà tí Flutter jáde ní December 2018, tó jẹ́ kí ènìyàn kọ áàpù ẹ̀ẹ̀kan fún Android àti iPhone, ni Dart jí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ áàpù fóònù ló ń lò ó lónìí, wọn kò sì wá a nítorí Dart. Flutter ni wọ́n ń wá, wọ́n sì bá Dart nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣàlàyé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa. Kò ṣàlàyé Python, tí kò ní onílẹ̀ kankan lẹ́yìn nígbà tó ń dàgbà.

Òṣòdì àti Oshodi

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní ìdáhùn tiwọn, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Okota wà nínú rẹ̀ sì lè ràn wá lọ́wọ́ láti lóye rẹ̀. Ní 1875 ni àpérò ìjọ CMS ní Èkó ti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ṣ sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ Oshodi-Isolo ló wà lára pátákó, lára mọ́tò àti nínú ìwé ìjọba. Kò sí ẹni tó jókòó tó sọ pé sh dára ju ṣ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni kejì tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kò sì ní àmì abẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà nísinsìnyí yóò yí ìwé ilẹ̀, ìwé báǹkì àti máàpù padà.

Ohun tí Paul David sọ nípa bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, QWERTY, ní 1985 nìyẹn: ìgbésẹ̀ kékeré àkọ́kọ́ lè di ọ̀nà tí a kò lè yà kúrò lórí rẹ̀ mọ́, bí ọ̀nà mìíràn tilẹ̀ dára jù. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kóòdù fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ní 1990, Stan Liebowitz àti Stephen Margolis ta ko ó. Wọ́n tún ẹ̀rí náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀rí pé bọ́tìnnì mìíràn sàn ju QWERTY kò lágbára rárá. Bí ohun tó kù kò bá sàn jù, a kò lè sọ pé a há. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi QWERTY gbèjà èdè rẹ̀ tó pàdánù kọ́kọ́ fi hàn pé èdè náà sàn jù lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Bóyá wọ́n kàn tó ni

Ẹ̀rí pé èdè kan sàn ju èkejì lọ ṣọ̀wọ́n ju bí a ti rò lọ. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ púpọ̀ lórí GitHub, ojúlé tí àwọn ènìyàn ń kó kóòdù wọn sí, wọ́n sì ní àwọn rí i pé èdè kan ń bí àṣìṣe ju òmíràn lọ. Òkìkí ìwádìí náà kàn. Ní 2019, Emery Berger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe, púpọ̀ nínú àbájáde rẹ̀ kò sì dúró. Èyí tó dúró kò tóbi. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìdáhùn yìí ní kò sí àdììtú kankan: àwọn èdè àtijọ́ tó iṣẹ́ náà ṣe, ìdí tí wọ́n fi wà nìyẹn.

Wọ́n tún ní àtijọ́ gan-an kò dúró sójú kan. PHP 7 tó jáde ní December 2015 fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ní ìlọ́po méjì ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Java ti ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti 2018. Ohun tí èdè tuntun bá mú wá tó dára, àgbà á yá a lò láàárín ọdún mélòó kan. Orúkọ kan náà ni, èdè náà kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà ní ẹ̀rí tó ṣòro láti gbójú fò. Google ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù tuntun Android ní èdè bíi Rust, tí kì í jẹ́ kí ètò fọwọ́ kan àyè ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀, ìpín irú àṣìṣe yẹn nínú gbogbo àṣìṣe ààbò Android lọ sílẹ̀ láti ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2019 sí ìdá 24 ní 2024. Ní February 2024, ilé ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rọ àwọn ilé-iṣẹ́ láti fi C àti C++ sílẹ̀ fún èdè tí kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé níbi ààbò, ọ̀rọ̀ "wọ́n tó" ti gbó.

Bí àwọn tó wọlé ṣe wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wò gbọ́dọ̀ wo àwọn èdè tuntun tó borí. Púpọ̀ nínú wọn kò lé àgbà jáde. Wọ́n ń bá a gbé. C++ ti 1985 gba kóòdù C wọlé. TypeScript ti 2012, JavaScript ló ń dà nígbẹ̀yìn. Kotlin ń pe kóòdù Java bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Èyí tó fẹ́ já okùn pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ jìyà: Python 3 jáde ní December 2008, Python 2 kò sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí di January 2020, ó lé ní ọdún 11. Perl 6 tí wọ́n kéde ní 2000 kò jáde títí di 2015, ó sì ní láti yí orúkọ padà sí Raku ní 2019.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá

Ohun tuntun nìyí nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì fi í sí òpin nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì gbó. Àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn kọ kóòdù, ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wọn. Èdè tí kóòdù rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ jù. Àwa tó ń kọ Yorùbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, torí bí wọ́n ti ń ṣe sí èdè wa nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé èdè kọ̀ǹpútà tuntun kò ní rí ẹsẹ̀ gbé mọ́ láé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò sọ títúmọ̀ kóòdù àtijọ́ sí tuntun di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, tí gbogbo ìdáhùn àkọ́kọ́ yóò sì wó.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀. Èkíní, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe lè wọn ipa àkísà yàtọ̀ sí ipa ọjà iṣẹ́. Ibi tí àkójọ kóòdù bá pọ̀ sí, iṣẹ́ á pọ̀ níbẹ̀, èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì kò sì hàn. Èkejì, a kò mọ̀ bóyá ohun tí ìwádìí rí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bá ti wa mu, níbi tí owó dátà, àìsí iná àti wíwá owó òkè òkun ń bá ènìyàn yan èdè. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí yìí láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù ní Èkó àti Ìbàdàn, mo sì ń bẹ àwọn yunifásítì wa pé kí wọ́n má dúró de àjèjì. Ẹ̀kẹta ni ti ààbò: bóyá ewu tí a ti fi nọ́ńbà hàn lè ṣí èdè nípò níbi tí ẹwà àti ìfẹ́ kò ti lè ṣí i.

Àpẹẹrẹ kan tí a lè máa wò lójú ayé ni Linux, tó wà ní ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android àti gbogbo POS tuntun tó wà ní Ago Palace Way. December 2022 ni Rust wọ inú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù rẹ̀ ṣì jẹ́ C.